Iyọ̀ Tó Ti Yọ́

Bí wọ́n bá fẹ́ wàásù lórí ohun tí Jésù sọ nípa iyọ̀ ayé, nínú orí karùn-ún ìwé Mátíù, ọbẹ̀ ni oníwàásù máa ń kọ́kọ́ gbé wá. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ kó má baà rà, ìjọ a ṣe àmín, ó parí. Mo ti gbọ́ ìwàásù náà lẹ́nu àlùfáà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wòlíì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí pẹpẹ. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí ààrò ni èmi ti mọ iyọ̀. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ mi, láàárín abiyamọ àti ọmọ wẹ́wẹ́. Iyọ̀ tí a mọ̀ níbẹ̀ ni iyọ̀ inú omi tí a ń fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti fẹ́ gbé lọ.

Ọmọ tó bá ń ṣu omi, omi ara rẹ̀ ń dànù, iyọ̀ ara rẹ̀ sì ń bá omi náà lọ. Ojú rẹ̀ á jìn, àwùjẹ̀ orí rẹ̀ á rì wọnú, bí ẹ bá fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, awọ náà kò ní tètè padà sípò. Omi lásán kò tó o. Omi tó ní iyọ̀ àti ṣúgà ló ń fẹ́, nítorí ṣúgà ló ń jẹ́ kí ìfun lè gba iyọ̀, tí iyọ̀ bá sì ti wọlé, omi á tẹ̀ lé e. Bí iyọ̀ bá kéré jù, iṣẹ́ kò ṣe. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ ọmọ á kún fún iyọ̀, gìrì lè mú un, ó sì lè kú mọ́ ọwọ́ ẹni tó ń gbìyànjú láti gbà á là. Ṣíbí tíì ilé yìí kò sì bá ṣíbí tíì ilé kejì dọ́gba. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ṣíbí oníke kan nígbà kan rí, orí kan fún iyọ̀, orí kejì fún ṣúgà. (Lónìí, èyí tó wà nínú ọ̀rá ní ọsibítù ni kí ẹ lò, pẹ̀lú oògùn zinc tí wọ́n ń fún ọmọ mọ́ ọn. Ẹ má tìtorí ohun tí mo kọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fojú díwọ̀n iyọ̀ nílé.)

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìgbàgbọ́ kò ju èyí lọ. Iyọ̀ tó ń gba ẹ̀mí là kì í pọ̀, bí ó bá sì ti yọ́ tán, ẹnikẹ́ni kì í rí i mọ́. Onígbàgbọ́ tó bá fẹ́ ṣe ayé lóore, kí ó gbà kí a wọn òun, kí ó sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí orúkọ òun má hàn nínú ohun tí òun ṣe.

Àwọn kan rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ẹnu ni mo ń sọ. Ìlú kan wà tí mo fi ń ṣe ẹlẹ́rìí, Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìgbà méjì ni mo mọ̀ tí àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi ṣe ohun tó kọjá agbára wọn ní sàkáání ìlú kékeré yìí, kò sì sí ìgbà kankan nínú méjèèjì tí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́ pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe.

Ti àkọ́kọ́ jẹ mọ́ Ogun Kírìjì. Ọdún 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn lápá kan, Èkìtìparapọ̀ lápá kejì, tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà padà di olórí ogun wọn. Àwọn Ìbàdàn dó sí apá Igbájọ, àwọn Èkìtìparapọ̀ dó sí apá Ìmẹ̀sí, wọ́n sì ń yìnbọn lu ara wọn lọ́dọọdún, kò sẹ́ni tó borí. Nígbà tó di ọdún 1886 tí Gómìnà Moloney ní Èkó ń wá ẹni tó lè gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ bá àwọn ọba àti àwọn balógun, àlùfáà méjì ló rán: Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀, àti Charles Phillips ti Oǹdó, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n rin ìrìn àjò náà láti ìlú dé ìlú, láti ibùdó dé ibùdó, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ àdéhùn fún ọba kan, wọ́n ń gbọ́ ohun tó bí i nínú, wọ́n tún ń gbéra lọ bá òmíràn. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni a fi ń rántí àlàáfíà Kírìjì títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1893 ni ogun tó rọlẹ̀ pátápátá ní ilẹ̀ Yorùbá.

Àwọn méjèèjì kò ní ọmọ ogun kankan. Ẹnu tí a lè gbà gbọ́ ni wọ́n ní. Bí Johnson bá jíṣẹ́ ọ̀tọ̀ fún Ìbàdàn, kí Phillips tún jíṣẹ́ ọ̀tọ̀ fún àwọn Èkìtì, ìbọn ni ì bá dá wọn lóhùn. Àwọn tí wọ́n rán wọn sí, àwọn ọba tó ń bọ òrìṣà wọn àti àwọn jagunjagun, ọ̀pọ̀ wọn kò wọ ilé ìjọ rí, wọn kò sì ní í wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ náà kò dúró de ìyẹn.

Kí n má sì bu iyì ìtàn kù nípa pé kí n ṣe é bí ìtàn ìjọ lásán. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó nígbà náà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ onígbàgbọ́ tó ti Sàró dé, ló dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ ti Èkó sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ìbọn ìgbàlódé ti ń dé ojú ogun. Ẹ wo ìyẹn. Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà, àwọn kan ń fi ìbọn ránṣẹ́, àwọn kan ń ru ìwé àlàáfíà kiri. N kò dá àwọn tó fi ìbọn ránṣẹ́ lẹ́bi, ilé wọn ló ń jó. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n tọ́ka sí ibi tí ìgbàgbọ́ ti ṣe ayé lóore nínú ọ̀rọ̀ náà, mo mọ apá ibi tí ìka mi máa lọ.

Ìgbà kejì, ti iṣẹ́ wa ni, ó sì ṣeé ṣe kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Dókítà David Morley, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital n'Iléṣà láàárín ọdún 1956 sí 1961. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá ọsibítù náà sílẹ̀. Èmi kò bá a níbẹ̀. Àwọn ìyá tó kọ́ wa níṣẹ́ ló mọ ìgbà tirẹ̀, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì ka ìyókù nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ọmọ ń kú nígbà náà. Ibà ń pa wọ́n, ikọ́ líle ń pa wọ́n, ìgbẹ́ gbuuru ń pa wọ́n, èéyí ń pa wọ́n. Ohun tó tún wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, ògì lásán ni oúnjẹ rẹ̀, láìsí ẹ̀wà, láìsí ẹja, títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú tí irun rẹ̀ á sì pọ́n. Ìgbà tí ọwọ́ bá ti fẹ́ bọ́ ni wọ́n tó ń gbé e wá sí Iléṣà.

Dókítà lè jókòó sí Iléṣà kí ó máa tọ́jú àwọn tó rí owó ọkọ̀ san, a ó sì máa yìn ín títí. Morley mú ọ̀nà Ìmẹ̀sí-Ilé pọ̀n. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí nínú ìlú láti ìgbà ìbí wọn títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún, èyí tó ń ṣàìsàn àti èyí tí nǹkan kan kò ṣe. Kì í ṣe pé dókítà wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn ọmọbìnrin àdúgbò tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló ń ṣe é: wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ń fún un ní oògùn ibà, wọ́n ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ oúnjẹ, lábẹ́ òrùlé kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Lójú èmi tó wà nínú iṣẹ́, ohun àrà nìyẹn, nítorí àṣà ọsibítù ni pé kí ìyá tò síbí fún abẹ́rẹ́ lónìí, kí ó tún padà wá tò sọ́hùn-ún fún ìwọ̀n lọ́la, bí ẹni pé kò ní oko, kò ní ọjà.

Káàdì ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Oṣù tí ọmọ ti lò láyé wà nísàlẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lóṣooṣù, nọ́ọ̀sì á fi bírò kán àmì kan sí i, á sì fa ìlà láti àmì ti oṣù tó kọjá. Tí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Tí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ fún oṣù méjì, nǹkan ń bọ̀, àní bí ọmọ náà bá tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ibi tí ìlà kọjú sí ṣe pàtàkì ju ibi tó wà lọ. Ọmọ tín-ín-rín tí ìlà rẹ̀ ń gòkè kì í kó wa láyà sókè bíi ti ọmọ ràgàjì tí ìlà rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Orí káàdì yìí náà ni a ti ń kọ ìdí tó fi yẹ kí a la ojú sí ọmọ kan ju àwọn yòókù lọ: pé ìbejì ni, pé ìyá rẹ̀ ti ṣòfò ọmọ ṣáájú, pé bàbá rẹ̀ ti kú.

Ìyá ni wọ́n sì gbé káàdì náà fún, nínú àpò ọ̀rá, pé kó máa gbé e lọ sílé. Ẹni tó bá mọ bí ọsibítù ìgbà náà ṣe ń di fáìlì mú bí ẹni di ẹrù ọba mú, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Obìnrin tí kò mọ̀wé ni, abà ló ń sùn, òjò ń rọ̀, eku wà nílé. Kò sì sọ ọ́ nù. Ọsibítù ló máa ń sọ fáìlì nù.

Lójú tèmi, ìgbàgbọ́ tó wà nínú ìwé pélébé yẹn ju èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìsọjí lọ. Ẹni tó ṣe é gbà pé obìnrin àgbẹ̀ yìí ní làákàyè, pé ọmọ rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀, pé òun tí òun ti òkè òkun wá kì í ṣe ọlọ́mọ. Nígbà tí àjẹsára èéyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láti ilé ìwádìí John Enders ní Boston, Morley ló pè wọ́n síbí, Samuel Katz, ọ̀kan nínú wọn, sì wá, nítorí Morley ti rí i pé èéyí tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe tí ó ń dìde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń pa ọmọ tiwa bí ẹni ń pa eṣinṣin. Lẹ́yìn tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1965, TALC, láti máa ta ìwé àti ohun èlò ìkọ́ni fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lówó pọ́ọ́kú. Ọ̀dọ̀ wọn ni ṣíbí olórí méjì tí mo sọ ti jáde. Morley kú ní 2009. Káàdì náà ti tàn ká ayé, wọ́n ti tún un ṣe lóríṣiríṣi, ìyá Mùsùlùmí ní Kánò ń gbé irú rẹ̀ lọ́wọ́, kò mọ Ìmẹ̀sí, kò mọ Mẹ́tọ́díìsì. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Ibi tó ti le fún mi ni bẹ́ńṣì. Lọ́jọ́ ìwọ̀n ọmọ, àwọn ìyá á kún bẹ́ńṣì títí dé ìta. A máa ń kọrin kí a tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń gbàdúrà ṣókí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí orin ni a fi ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń po ẹ̀wà mọ́ ògì ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn ajíhìnrere náà rí bẹ́ńṣì yẹn. Wọ́n rí àwọn èèyàn tó jókòó, tí wọn kò lè dìde, nítorí káàdì wọn wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú Bíbélì àti gbohùngbohùn alágbèéká.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni."

Mo ní, "Ọmọ mi, ọmọ tí ìyá yẹn gbé sẹ́yìn ń gbóná. Bá mi gbé òṣùwọ̀n kejì síta, kí ìlà lè yá."

"Màmá, ṣé ọkàn wọn kò jẹ yín lógún ni?"

"Ó jẹ mí lógún. Ẹni tí kò lè dìde kúrò níwájú mi, n kì í wàásù fún un."

Ó gbé òṣùwọ̀n náà, ojú rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà ó lọ fẹjọ́ mi sùn nínú ìjọ pé ìgbàgbọ́ mi ti tutù. Wọ́n pè mí, mo lọ, mo sọ bákan náà. Àwọn kan gbà pẹ̀lú mi, àwọn kan kò gbà títí di òní, a ṣì jọ ń jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá tó gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí mi kí wọ́n tó wọn ọmọ rẹ̀, owó orí ló ń san fún mi. Ó lè ṣe àmín, ó sì lè má padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ yẹn ni ìlà ọmọ rẹ̀ máa tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí obìnrin kan bá bi mí lóru, nígbà tí gbogbo wọ́ọ̀dù ti sùn, pé kí ló dé tí mi ò fi bínú sí òun, màá dá a lóhùn, n kò sì ní fi orúkọ Ẹni tí mo gbà gbọ́ pa mọ́. Òun ló béèrè.

Iléṣà kan náà ni ọ̀rọ̀ mìíràn ti ṣẹlẹ̀ tí n kò lè fò dá. Lọ́dún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè lábẹ́ ìwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ọkùnrin yìí ti wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì rí. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ló wà ní 1928, nítòsí Ìkejì-Arákejì, nígbà tó ní Ọlọ́run pe òun. Àwọn àgbà máa ń ròyìn pé aláìsàn ń fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ní Wesley Guild kí wọ́n lè lọ gba àdúrà ní Òkè-Oòyè. Omi àti àdúrà ni, wọn kì í fi oògùn sí i. Inú ìsọjí yẹn àti àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ni ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) ti gbilẹ̀, ìjọ náà sì ní ilé ìgbẹ̀bí tirẹ̀ títí di òní, níbi tí àwọn ìyá agbẹ̀bí ti ń fi àdúrà gba ọmọ. Láti ìgbà náà ni ìjà tútù ti wà láàárín àwa aláṣọ funfun ọsibítù àti àwọn aláṣọ funfun ibẹ̀.

Mo ti fara balẹ̀ wo ohun tó ń gbé aboyún lọ síbẹ̀. Àìmọ̀kan kọ́ nìkan ni. Níbẹ̀, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, wọ́n ń kọrin sí i létí, wọn kì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ìjọba, ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu àwa nọ́ọ̀sì nígbà tí ìrora bá dé ni pé kó pa ẹnu mọ́, ṣé àwa la fún un lóyún ni. Àwọn tó ń sọ ọ́, ọ̀pọ̀ wọn ti jọ́sìn láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ àwa la ní oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí méjì, orin kì í sì í dá ẹ̀jẹ̀ yẹn dúró.

Ìyá agbẹ̀bí kan wà ní àdúgbò tí mo ti ṣiṣẹ́, ó dàgbà jù mí lọ dáadáa. Mo máa ń lọ kí i nílé, kì í ṣe láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. A ti ń bá ara wa bọ̀ kí ó tó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Nọ́ọ̀sì, bí mo bá gbé e wá, ẹ ò ní bú mi lójú rẹ̀?"

Mo ní, "A ò ní bú yín, Ìyá. Ẹ ṣáà tètè gbé e wá. Kí ẹ sì bá a wọlé."

Ọ̀rọ̀ "kí ẹ bá a wọlé" yẹn gba kí n bá àwọn dókítà tiwa jà, nítorí wọn kò fẹ́ rí i nínú wọ́ọ̀dù. A gbà á ní ìgbẹ̀yìn. Ó ń jókòó nígbèrí aboyún, ó ń kọ orin rẹ̀ jẹ́jẹ́, àwa ń ṣe tiwa nísàlẹ̀. Láti ìgbà tó ti rí i pé ìtìjú kò sí níbẹ̀, kì í dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú kó tó gbé wọn wá. Àwọn ìjọ tó ń sọ pé àwọn fẹ́ yí ayé padà, mo máa ń rò ó pé ì bá dára kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá onígbàgbọ́ yìí lè kó aláìsàn rẹ̀ lọ bá onígbàgbọ́ tọ̀hún láìbẹ̀rù èébú.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà, ti rẹ́jísítà tí a ń kọ iṣẹ́ wa sí. Kò gùn, àmọ́ ó dùn mí. Àwọn ọ̀gá máa ń wá láti òkè láti wá wo iye ọmọ tí a gún lábẹ́rẹ́. Bí iye náà bá kéré, wàhálà dé. Ní ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀gá kan tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgbàdúrà, á gbé ìwé síwájú wa, á ní, "Ẹ kàn kún un." Kí a kún un pẹ̀lú kí ni? Kí a kọ ìwọ̀n ọmọ tí a kò wọ̀n, kí a kọ abẹ́rẹ́ tí a kò gún. Ó rò pé ìwé lásán ni. Bí a bá kọ pé ọmọ kan ti gba àjẹsára èéyí, èéyí kò mọ̀ pé a ti kọ ọ́. Bákan náà ni ti àjẹsára tí iná bá lọ tí fíríìjì sì yọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Inú òtútù tí kò kéré sí ìwọ̀n 2, tí kò sì ju 8 lọ, ló gbọ́dọ̀ wà. Èyí tó ti gbóná kò yí àwọ̀ padà nínú ìgò, àmì kékeré ara ìgò nìkan ló ń dúdú. Ẹni tó bá dá a nù tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun dá a nù, ìwé ìbáwí lè dé bá a. Ẹni tó bá gún ọmọ pẹ̀lú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Bí wọ́n bá bi mí pé ibo ni àgbélébùú wà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, màá mú wọn lọ sídìí fíríìjì yẹn.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni ọsibítù wa, Wesley Guild, kúrò lọ́wọ́ ìjọ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, ó sì di ara ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ìjọ ṣọ̀fọ̀ bí ẹni pé Ọlọ́run ni wọ́n lé jáde. Mo mọ̀ pé àdánù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti kọ́ bí a ṣe ń dúró ti aláìsàn kò bá pátákó lọ, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibi tí ìwà náà ti kú, àwa tó yẹ kó fi kọ́ni ni kò fi kọ́ni. Àwọn ìjọ mìíràn lónìí ní ilé ìjọsìn tó tóbi ju ọsibítù lọ, gbohùngbohùn rẹ̀ sì kọjú sí fèrèsé wọ́ọ̀dù tí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la inú wọn gbọ́mọ ti ń wá oorun.

Lásìkò yìí, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ wà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń pè mí lórí WhatsApp nígbà tí wọ́n bá ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Ẹdùn ọkàn kan náà ni gbogbo wọn ń gbé wá: òfin iṣẹ́ níbẹ̀ kò gbà kí nọ́ọ̀sì máa ti ìgbàgbọ́ rẹ̀ sí aláìsàn lọ́rùn lọ́nà tí kò yẹ.

Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé, "Màmá, ó dà bí ẹni pé mo fi ìgbàgbọ́ mi sílẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú."

Mo bi í léèrè irú ẹni tó ń tọ́jú. Ó ní àwọn arúgbó ni, pé bàbá kan wà tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí awọ ìdí rẹ̀ ti fẹ́ máa bó. Mo ní àṣẹ wo ló wà lórí ìwé rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì. Mo ní ṣé wọ́n ń ṣe é. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní lóru, tí èèyàn kò bá tó, àwọn mìíràn máa ń kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ti ṣe é.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ń yí i, Màmá. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Mo ní bí bàbá náà bá fẹ́ àdúrà, kó sọ fún ọ̀gá wọ́ọ̀dù kí wọ́n pe àlùfáà ọsibítù wá, wọ́n ní i níbẹ̀. Ó ní bàbá náà ti sọ pé òun kò gba Ọlọ́run kankan gbọ́, pé kí ẹnikẹ́ni má dá òun láàmú. Ó wá ní kí ni kí òun ṣe sí ìyẹn.

Mo ní kó yí i padà ní wákàtí méjì-méjì bákan náà, kó sì kọ wákàtí náà sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an.